ÒRÙLÉ ÀTI ÌJÌ: Ìtàn Bí A Ti Ń Bo Ilé ní Ilẹ̀ Yorùbá, àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀



Ọ̀rọ̀ òrùlé ni a fi lé mi lọ́wọ́ láti bá yín sọ. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wa tí kò sùn lábẹ́ òrùlé lánàá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣòro láti rí ìlú kan ní ilẹ̀ wa tí ìjì kò tíì ṣí ilé kan sílẹ̀ níbẹ̀ rí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo dé abúlé kan ní ọjọ́ kejì tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ìjì tí ó ṣáájú òjò náà ti gbé òrùlé ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ. Inú oko ẹ̀gẹ́ ni a ti bá òrùlé náà, ó jìnnà sí ilé tó ibi tí ọmọdé lè sọ òkò dé. Àwọn ènìyàn dúró yí i ká, wọ́n ń bú ẹni tí ó ta páànù fún wọn, wọ́n ní ayédèrú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹjú mọ́ ọn, mo rí i pé páànù náà wà lára igi rẹ̀ digbí. Ìṣó kò yọ, igi kò ṣẹ́. Odidi òrùlé ni ó ṣí kúrò lórí ògiri bí ìgbà tí a bá ṣí ọmọrí ìkòkò. Mo padà lọ wo orí ògiri. Kò sí okùn tí ó já níbẹ̀, kò sí irin tí ó tẹ̀, kò sí wáyà tí ó ṣẹ́, nítorí pé a kò fi ọ̀kankan nínú wọn sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé òrùlé lé ilé náà. Wọn kò so ó mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi: òrùlé kì í ṣe ohun tí a ń gbé lé ilé, ohun tí a ń so mọ́ ilé ni. Àwọn baba wa mọ èyí, wọ́n sì ń ṣe é. Báwo ni ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa? Ìtàn ni yóò dá wa lóhùn.

I. ÒRÙLÉ KORÍKO

Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, fi ilé àwọn baba wa hàn wá nínú ìwé náà. Ògiri amọ̀ ni, gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ 7 tàbí 8 lọ. Wọn a kọ́ ọ yí àgbàlá ká, tí gbogbo rẹ̀ yóò di agbo ilé kan. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko gígùn tí a ń pè ní bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé. Ní ilẹ̀ igbó, níbi tí bẹẹrẹ ti ṣọ̀wọ́n, ewé gbọ̀dògì ni wọ́n ń lò.

Koríko bẹẹrẹ yìí kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ní Ọ̀yọ́, ọdún ńlá kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà ọdún Bẹẹrẹ, àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin a máa ru ìdì koríko wá láti fi tún ààfin bò, a sì máa fi ọdún náà ka iye ọdún tí ọba ti lò lórí ìtẹ́. Ẹ kíyè sí ohun tí èyí já sí. Nínú ìjọba tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ wa, títún òrùlé ṣe jẹ́ iṣẹ́ tí a ń fi ọdún kà, tí gbogbo ìlú ń pawọ́ pọ̀ ṣe.

Ẹni tí ó bá rò pé ilé koríko jẹ́ ilé aláìlágbára níwájú ìjì, kí ó tún un rò. Ohun mẹ́rin ni ó ń dáàbò bò ó. Èkíní, ògiri rẹ̀ kúrú, etí òrùlé rẹ̀ sì wálẹ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé. Nítorí náà ìjì kò rí ògiri gíga tí yóò kọlù. Èkejì, òrùlé náà dà gẹ̀rẹ̀ gidigidi, kí òjò má bàa dúró lórí koríko. Ìdàgẹ̀rẹ̀ yìí kan náà ni ó sì ń mú kí ó ṣòro fún ẹ̀fúùfù láti fà á sókè. Ẹ̀kẹta, koríko a máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, kì í sì í há ìjì mọ́ inú ilé. Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, okùn ni wọ́n fi di gbogbo rẹ̀. Ọ̀pó ni a so ìtí igi mọ́, ìtí igi ni a so ẹkẹ́ mọ́, èyíinì ni àwọn igi tí ó dà gẹ̀rẹ̀ láti orí ògiri lọ pàdé ní góńgó òrùlé. Ara ẹkẹ́ ni a di ọparun mọ́, ara ọparun sì ni a di koríko mọ́. Okùn a máa fà, a sì máa padà. Nígbà tí ìjì bá mi ilé, ilé náà a mì, ṣùgbọ́n kì í já.

Èmi kò sọ èyí láti mú kí a padà sí ilé koríko. Gbogbo wa mọ àléébù rẹ̀. Iná kan ṣoṣo ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn lè jó odidi àdúgbò run kí a tó pọn omi dé. Ìkán a máa jẹ igi rẹ̀, eku a máa bí sínú rẹ̀, òjò a sì máa jẹ ẹ́ rà. Nítorí náà, kò pẹ́ títí tí a ó tún fi bò ó. Nígbà náà ni baálé ilé yóò bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn àna rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò wá, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, wọn yóò sì gun òrùlé. Ìnira ni èyí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan fara pamọ́ sínú ìnira náà: kò sí òrùlé kan tí ènìyàn kì í gùn lọ wò láàárín ọdún díẹ̀. Okùn tí ó bá rà, a ó rí i. Igi tí ìkán bá jẹ, a ó pààrọ̀ rẹ̀.

II. PÁÀNÙ DÉ

Ní 1829, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ lórí irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ ní ìtẹ̀kọtẹ̀. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í lè dúró lórí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ká a ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, yóò le. Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú irin yìí. Ní 1837, Stanislas Sorel ará Faransé gba àṣẹ lórí ọ̀nà tí a ń gbà fi síńkì bo irin kí ó má bàa tètè dípẹtà. Láti inú iṣẹ́ àwọn méjèèjì yìí ni páànù tí a mọ̀ ti jáde.

Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún náà, ó ti ń bá ọkọ̀ òkun wọ Èkó. Ní ìlú kan náà ni àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti oko ẹrú dé láti Brazil àti Cuba, gbé ń kọ́ ilé ní Pópó Àgùdà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àti bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́ dunjú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀rí, kí ó lọ wo Mọ́ṣáláṣí Ṣíttà-Bey tí João Baptista da Costa kọ́, tí a ṣí ní 1894. Òrùlé tí ó wọ́pọ̀ lórí ilé wọn jẹ́ òrùlé oníhà mẹ́rin, èyí tí ó dà gẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí kò sì fi ògiri onígun mẹ́ta kankan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ fún ìjì láti tì. Bàyìí ni páànù ṣe kọ́kọ́ bá ọwọ́ rere pàdé ní ilẹ̀ wa.

Nígbà tí ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, páànù rí ọ̀nà wọ ilẹ̀ òkè. Owó kòkó ni ó sì rà á. Ẹni tí kòkó rẹ̀ bá ta dáradára a lọ ra páànù, a sì fi bo ilé fún ìyá rẹ̀. Ilé páànù di iyì, àwọn ọmọ a sì máa yangàn nítorí rẹ̀. A kò lè bá wọn wí. Iná kò tún jó òrùlé mọ́, òjò kò jò, ọ̀wẹ̀ sì dín kù.

Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni a pàdánù láìfura. Èyí tí ó kọ́kọ́ lọ ni okùn. Gbẹ́nàgbẹ́nà fi ìṣó kan páànù mọ́ igi, ó sì ro pé iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n igi tí a tẹ́ sórí ògiri, kí ni ó so òun mọ́ ògiri? Lẹ́yìn náà ni ìhà mẹ́rin lọ. Nítorí pé ẹni tí ó ń bo ìhà mẹ́rin ní láti gé páànù ní ìdàgẹ̀rẹ̀, tí àjákù rẹ̀ sì ń ṣòfò, ọ̀pọ̀ ènìyàn yí padà sí òrùlé apá méjì, tí ògiri onígun mẹ́ta dúró ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí ó na àyà sí ìjì. Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀wò. Páànù mú ìsinmi wá, ìsinmi sì mú ìgbàgbé wá. Baba kan lè kọ́ ilé ní ìgbà èwe rẹ̀, kí ó sì dàgbà di arúgbó láìgun òrùlé náà rí.

Ní ọjọ́ òní, ọ̀ràn náà tilẹ̀ ti le sí i. Páànù alumíníọ̀mù ni ó wọ́pọ̀, èyí tí a ń tà ní ìwọ̀n bíi ìdá 0.45 tàbí 0.55 mílímítà ní nínípọn. Kì í dípẹtà bí irin, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó sì rọ̀, ojú ìṣó rẹ̀ a sì máa tètè fẹ̀.

III. BÍ ÌJÌ TI Ń ṢÍ ÒRÙLÉ

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ńṣe ni ìjì ń ti òrùlé lulẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òrùlé tí ìjì bá bàjẹ́ ì bá máa wó sínú ilé. Kí ni a ń rí? Inú oko ni a ti ń bá a. Fífà ni ìjì ń fa òrùlé sókè.

Ẹ mú bébà pẹlẹbẹ kan, ẹ gbé etí rẹ̀ kan ìsàlẹ̀ ètè yín, kí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn gba orí rẹ̀ kọjá. Bébà tí ó tẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò dìde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀fúùfù tí ń sáré kọjá lórí òrùlé ṣe ń fà á sókè, pàápàá ní etí rẹ̀, ní igun rẹ̀, àti ní góńgó rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé kan bá sì ṣí lójijì ní ìhà tí ìjì ti ń bọ̀, afẹ́fẹ́ yóò rọ́ wọ inú ilé, yóò sì máa ti òrùlé láti ìsàlẹ̀. Ọ̀kan ń fà lókè, ọ̀kan ń tì nísàlẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ kún un. Ìjì tí ń sáré ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan lè fi agbára tí ó tó ìwúwo kìlógíráàmù 48 kọlu ibi tí ó gùn ní mítà kan tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan. Páànù irin tí ó bo ibi kan náà kò wúwo ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 5 lọ; ti alumíníọ̀mù kò tilẹ̀ tó 2. Ó hàn gbangba pé ìwúwo òrùlé kò lè dá a dúró. Bí eré ìjì bá sì di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ kò ní jẹ́ ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni yóò jẹ́.

Ìjì wa kò fara pamọ́ fún wa. Ó máa ń jà jù ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Láti ìhà ìlà-oòrùn ni ó sì sábà máa ń ti wá. Ọ̀tá tí a mọ ọjọ́ rẹ̀, tí a sì mọ ọ̀nà rẹ̀, kò yẹ kí ó bá wa lójijì.

IV. ÀWỌN TÍ ÌYÀ TI KỌ́ LỌ́GBỌ́N

Àwa nìkan kọ́ ni ìjì ń bá jà. Àwọn ilẹ̀ mìíràn wà tí ìjì wọn le ju tiwa lọ, tí wọ́n sì ti fi omijé kọ́ ohun tí àwa lè fi ìfetísílẹ̀ kọ́.

Bermuda jẹ́ erékùṣù kékeré kan nínú òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́ dó ní 1612, igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ń kọ́lé. Ní 1712, ìjì ńlá wó ilé ìjọsìn St. Peter's tí ó wà ní ìlú St. George's, ìjì mìíràn sì tún jà ní 1714. Ní 1713 ni wọ́n tún ilé ìjọsìn náà kọ́, òkúta ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Láti ìgbà náà ni ilé òkúta ti gbilẹ̀ níbẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tò sórí òrùlé wọn, wọn a sì fi ẹfun kùn ún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ oníhà mẹ́rin, etí wọn kò sì yọ síta púpọ̀. Òrùlé kan náà ni ó ń gba omi òjò fún wọn láti mu. Ìjì ti kọjá lórí wọn láìmọye ìgbà.

Ìlú kejì ni Darwin ní Ọsirélíà. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 1974, ìjì tí a pè ní Tracy kọlù ú. Ohun èlò tí a fi ń wọn eré rẹ̀ kà á dé kìlómítà 217 ní wákàtí kan kí òun fúnra rẹ̀ tó bàjẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé ìlú náà ti bàjẹ́, a sì ní láti kó ènìyàn tí ó ju 30,000 lọ sí ìlú mìíràn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ páànù wò, wọ́n rí ohun kan tí ó yà wọ́n lẹ́nu. Kì í ṣe ìgbá ẹ̀ẹ̀kan ni ó já páànù náà. Ìjì ń gbé e sókè, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún ń gbé e, títí irin fi sán yí ìṣó ká bí ìgbà tí a bá ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn títí yóò fi ṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣe òfin pé a gbọ́dọ̀ fi irin so òrùlé mọ́ ògiri, kí a sì so ó dé ìpìlẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìhà gúúsù Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjì Andrew ti jà ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ, 1992. Àwọn tí ó yẹ ilé wò lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́rìí pé òrùlé oníhà mẹ́rin dúró ju òrùlé apá méjì lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ògiri onígun mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ ṣubú, lẹ́yìn náà ni òrùlé tẹ̀lé e.

Bí a bá kó ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ni a rí? Ìhà mẹ́rin, etí kúkúrú, àti ìsopọ̀ tí ó dé ìpìlẹ̀. Ìhà mẹ́rin wà lórí ilé àwọn Àgùdà wa. Ìsopọ̀ sì wà nínú okùn àwọn baba wa kí páànù tó dé.

V. ÒRÙLÉ TÍ Ó YẸ KÍ A YÀN

Nítorí náà, bí ẹnìkan nínú wa bá fẹ́ kọ́lé, tàbí bí ìjọ bá fẹ́ bo ilé ẹ̀kọ́, ìmọ̀ràn mi nìyí.

1. Ẹ yan òrùlé oníhà mẹ́rin, kí ó sì dà gẹ̀rẹ̀ níwọ̀n. Bí ilé bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 24, kí góńgó òrùlé ga ju orí ògiri lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ 7. Òrùlé tí ó tẹ́ jù ni ìjì ń tètè fà.

2. Ẹ má ṣe jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta ju nǹkan bí ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí a fún un ní òrùlé tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ìjì má bàa ti ara rẹ̀ dé ara ilé.

3. Kí a tó mọ ògiri parí, kí a ri irin tàbí wáyà nínípọn mọ́ inú rẹ̀, kí ó jinlẹ̀ dáradára nínú kọnkéré, kí orí rẹ̀ sì yọ jáde. Irin yìí ni a ó fi de igi orí ògiri, a ó sì tún de ẹkẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ igi náà. Èyí ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

4. Ìṣó tí a ń yí wọ inú igi, tí ó ní rọ́bà àti irin pẹlẹbẹ lábẹ́ orí rẹ̀, sàn ju ìṣó gbígbá lọ. Kí wọ́n sún mọ́ ara wọn gidigidi ní etí, ní igun àti ní góńgó, nítorí ibẹ̀ ni ìjì ti ń bẹ̀rẹ̀.

5. Kí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní ìdè tí ó lágbára, pàápàá èyí tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn.

6. Lọ́dọọdún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí a gun òrùlé lọ wò ó. Bí ìjọ bá lè bẹ ọ̀wẹ̀ láti gé koríko àyíká ilé ìjọsìn, ó lè bẹ ọ̀wẹ̀ láti yẹ òrùlé ilé ẹ̀kọ́ wò.

Ẹnìkan lè wí pé, owó dà? Òótọ́ ni pé ìhà mẹ́rin ń jẹ páànù àti igi ju apá méjì lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń kọ́lé ní díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe gbogbo rẹ̀, kí ó ṣe ẹ̀kẹta tí mo kà sílẹ̀. Irin tí a fi ń so òrùlé mọ́ ògiri ni ó kéré jù nínú owó ilé, òun ni ó sì wúlò jù ní ọjọ́ ìjì. Ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ alápá méjì tẹ́lẹ̀, kí ó fi igi gbé ògiri onígun mẹ́ta rẹ̀ ró láti inú. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi owó kòkó àti òógùn ojú kọ́, tí a wá fi irin díẹ̀ dù, òun náà kò sàn ju ilé onítọ́ lọ.

Nígbà tí Olúwa wa ń fi ilé méjì pa òwe, ìpìlẹ̀ ni ó tọ́ka sí, a sì ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí rẹ̀. A ti ń wa ìpìlẹ̀ jinlẹ̀. Ó kù kí a jẹ́ kí ìpìlẹ̀ náà di òrùlé mú. Àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó nínú ilé ẹ̀kọ́ wa ní oṣù kẹta kò lè gun òrùlé lọ wò ó fúnra wọn. Àwa tí a rán wọn lọ síbẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà lọ́rùn wa. Bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ gbé fìtílà sókè sí ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri, kí ẹ sì bi ara yín pé: kí ni ó so wọ́n pọ̀?